Ẹ̀fọ́rí Tí Kò Lọ: Ẹ Bi Ọrùn Léèrè

 

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta gbáko tí orí fi ń fọ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀fọ́rí tó ń gbéni ṣánlẹ̀ o. Jẹ́jẹ́ ló máa ń wá. Á bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́ lápá ọ̀tún, á gba ẹ̀yìn etí kọjá, á wá lọ jókòó sẹ́yìn ojú bí àlejò tí kò fẹ́ lọ sílé. Bí mo bá dáfá fún èèyàn méjì mẹ́ta láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti dé. Bí mo bá wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo, tí mo ń wo fóònù lójú ọ̀nà, ó ti dé. Nígbà tó yá, n kò ka ọjọ́ tí orí fọ́ mi mọ́, ọjọ́ tí kò fọ́ ni mò ń kà.

Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Ẹnì kan ní ayé ni. Ẹnì kan ní orí mi ló ń bínú, kí n bọ ọ́. Mo bọ orí, n kò sì kábàámọ̀ ẹ̀, nítorí kò sí ìgbà tí kò yẹ kéèyàn bọ orí ẹ̀. Orí gba obì. Ẹ̀fọ́rí ò lọ.

Ìyàwó ọmọ mi, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló kó páálí parasẹ́tamọ̀ tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi jáde lọ́jọ́ kan, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, oṣù mélòó lẹ fi lo gbogbo eléyìí?” Mo ní oṣù kan. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ ọrùn yín wò.” Mo ní ọrùn kẹ̀? Orí ló ń fọ́ mi, kì í ṣe ọrùn. Kò bá mi jiyàn, ó kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní irú ìyàwó ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó ti tán nìyẹn.

Wọ́n kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, wọ́n yẹ ojú mi wò, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Wọ́n wá ní kí n lọ rí àwọn oníṣègùn físíò, àwọn tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ara. Ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn, kékeré lójú mi. Ó ní kí n yí ojú sósì, mo yí i, ó lọ dáadáa. Ó ní kí n yí i sọ́tùn-ún, ó há lágbedeméjì. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó há. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan lábẹ́ ìpàkọ́ mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Kíá, ìrora gbéra níbẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn ojú mi. Ẹ̀fọ́rí mi gan-an ni, òun tí mo ti mọ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Ó ní, “Bàbá, ṣé òun nìyí?”

Mo ní, “Òun ni. Ta ló sọ fún ẹ?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọrùn yín ni, sà.”

Mo ti bi í léèrè ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan láti ìgbà yẹn, mo sì ti kà kún un. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń tọ́jú páálí sábẹ́ ìrọ̀rí.

Eegun méje ló wà lọ́rùn èèyàn. Orí àgbàlagbà tó bíi kílò márùn-ún, ó wúwo ju ọmọ tuntun lọ dáadáa, àwọn eegun méje yìí ló sì gbé e dúró látàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n eegun kì í dá dúró. Iṣan ló ń dì í mú. Iṣan tí mò ń wí yìí ni ẹran tó ń fa egungun, kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Láàárín ìpàkọ́ àti eegun ọrùn méjì àkọ́kọ́, iṣan kéékèèké mẹ́rin wà lápá kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọn ni wọ́n ń tún orí ṣe díẹ̀díẹ̀ nígbàkigbà tí ojú bá ń wá nǹkan kiri. Ní 1995, Gary Hack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Maryland, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ọ̀kan nínú wọn ní fọ́nrán kan tó so mọ́ awọ tó bo ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ọrùn àti orí ṣe súnmọ́ra tó.

Báwo wá ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́rùn ṣe ń dun ojú? Okùn ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sínú ọpọlọ, ń ti oríṣiríṣi ibi wá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ tó ń ti òkè ọrùn wá ń lọ sí oríta kan. Oríta yẹn náà ni okùn ńlá tó ń gba ìròyìn láti iwájú orí, láti ẹ̀bátí àti láti àyíká ojú ń gbà kọjá. Ó dà bí ilé méjì tó ń lo nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá pe ọpọlọ láti ọrùn, orúkọ ojú ló ń rí. Kì í ṣe pé ìrora náà jẹ́ irọ́ o. Ìrora wà. Àdírẹ́sì ẹ̀ ni kò pé.

Dókítà ará Norway kan, Ole Sjaastad, ló fún irú èyí lórúkọ tirẹ̀ ní 1983, ẹ̀fọ́rí tó ti ọrùn wá. Àwọn àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ò le. Apá kan ló máa ń wà, kì í sáà fò látọ̀tún sósì. Láti ìpàkọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ wá síwájú. Bí èèyàn bá jókòó pẹ́ lójú kan, tàbí tó yí ọrùn lódì, ó máa ń jí. Ọrùn kì í sì yí tó bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe ń gbọ́ ìwọ̀nyí lẹ́nu ọmọbìnrin yẹn, ńṣe ló dà bí pé ó ń ki oríkì mi.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí yìí, torí àwọn kan ti fẹ́ máa fi gbogbo ẹ̀fọ́rí lé ọrùn lórí. Ẹ̀fọ́rí tó wọ́pọ̀ jù, èyí tó ń fún orí yí ká bí ẹni fi ọ̀já dì í, ọrùn àti èjìká máa ń le pẹ̀lú ẹ̀, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ á sì dùn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá iṣan ló fa ẹ̀fọ́rí ni, àbí ẹ̀fọ́rí tó pẹ́ ló jẹ́ kí iṣan máa dùn. Túúlu náà ńkọ́, èyí tó ń lù kìkì lápá kan, tó ń mú èébì àti ìbẹ̀rù ìmọ́lẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ tí túúlu ń dà láàmú ni ọrùn ń dùn kó tó dé, síbẹ̀ inú ọpọlọ ni túúlu ti ń wá. Ẹlẹ́rìí lọrùn níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀daràn. Tìtorí ẹ̀ ló fi yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó, kì í ṣe kéèyàn máa méfò nílé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Mo rò pé iṣan ọrùn mi le nítorí pé ó lágbára jù ni. Ọmọbìnrin náà ní rárá, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní iṣan inú lọ́hùn-ún wà níwájú ọrùn, ó fara mọ́ eegun tímọ́tímọ́, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó di orí mú jẹ́jẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Àwọn ti òde, àwọn tó tóbi tó ń lọ láti ẹ̀yìn etí wá sí eegun àyà, àti èyí tó bo ẹ̀yìn ọrùn dé èjìká, iṣẹ́ kíákíá ni tiwọn. Bí ti inú bá ti ń sùn, ti òde á máa ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ fojú inú wo ilé tí àwọn ọmọ ilé ti ń sùn, tí àlejò ń fọ abọ́. Ó máa fọ̀ ọ́ lónìí, ó máa fọ̀ ọ́ lọ́la, lọ́tùúnla ìjà á dé.

Wọ́n ti dán èyí wò. Ní 2002, Gwendolen Jull àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí 200 èèyàn tí ẹ̀fọ́rí wọn ti ọrùn wá. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín wọn sí. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́jú ọrùn àwọn kan, wọ́n fún àwọn kan ní ìdárayá tó ń jí iṣan inú, wọ́n ṣe méjèèjì fún àwọn kan, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìtọ́jú náà. Nígbà tí wọ́n padà wò wọ́n lẹ́yìn oṣù méjìlá, ẹ̀fọ́rí àwọn tó gba ìtọ́jú ọwọ́ àti àwọn tó ṣe ìdárayá ṣì dínkù. Ní Finland, Jari Ylinen àti àwọn tirẹ̀ lo 180 obìnrin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí ọrùn ń dùn tipẹ́. Àbájáde tiwọn jáde ní 2003. Àwọn tó fi ọdún kan mú iṣan ọrùn le rí ìtura ju àwọn tí wọ́n kàn ní kí wọ́n máa na ara lọ. Kò sí idán níbẹ̀. Iṣẹ́ ni.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá jù. Ẹní la máa ń jókòó lé, ọpọ́n wà nílẹ̀, a tẹ orí síwájú, ojú wà lórí ìyẹ̀ròsùn. Ìyẹn ti wà láti ayébáyé, kò sì pa àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n bí àwọn baba wa bá dìde nídìí ọpọ́n, oko ni wọ́n ń lọ, wọ́n á máa gbójú wo òkè ọ̀pẹ. Àwa ńkọ́? Bá a bá dìde nídìí ọpọ́n, fóònù la ń tẹ orí sí. Ní 2014, Kenneth Hansraj, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn ní New York, ṣírò ẹrù tí ọrùn ń gbé bí orí bá ṣe ń tẹ̀ síwájú sí. Bí orí bá dúró gangan, bíi kílò márùn-ún ni. Bó bá tẹ̀ dé ìwọ̀n digirí 15, ó di 12. Ní 30, ó di 18. Ní 60, ibi tí orí èmi máa ń wà nídìí fóònù, ó di kílò 27, ìyẹn ju ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ṣe ìṣirò yìí o, kì í ṣe lára èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù ba ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ kan na igbá omi síwájú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó mọ ohun tó ń wí.

Kì í ṣe awo nìkan. Àwọn télọ̀, àwọn onídìrí, àwọn tó ń ṣa ìrẹsì, àwọn onílù wa tí gángan ń fa èjìká wọn kan wálẹ̀ látàárọ̀ ọjọ́ ọdún. Àwọn ìyá wa tó ń ru ẹrù náà wà níbẹ̀. Ìwádìí kan láti Kẹ́ńyà ní 1986 fi hàn pé àwọn obìnrin tó mọ ẹrù rù lè gbé ìdá márùn-ún ìwúwo ara wọn lórí láìlo agbára ju bí wọ́n ṣe ń rìn lásán lọ. Ọgbọ́n ni, ó sì yẹ kó dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n wí, kì í ṣe ààbọ̀. Àwọn tó bá àwọn apọnmi sọ̀rọ̀ ní Limpopo, ní South Africa, ní 2010, gbọ́ ẹ̀dùn ọrùn àti ẹ̀yìn lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ lo òṣùká, ẹ dín ẹrù kù, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré ru kẹ́ẹ̀gì tó ju agbára ẹ̀ lọ.

Irun dídì tó le jù àti gèlè tí wọ́n fún pinpin náà ń fọ́ orí o, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ti ọrùn. Tú u, á lọ.

Ó wá kan ti páálí abẹ́ ìrọ̀rí, ibi tí ojú ti tì mí jù. Oògùn ẹ̀fọ́rí fúnra ẹ̀ lè di ẹ̀fọ́rí. Ẹni tó bá ń lo parasẹ́tamọ̀ tàbí ibuprofen ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, ó ti wọ ibẹ̀. Ti àwọn oògùn tí wọ́n pò mọ́ra, àti àwọn tó ní codeine tàbí tramadol, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó láti kó o sínú ẹ̀. Orí á máa fọ́ nítorí oògùn ti ń tán lára, èèyàn á tún lo òmíràn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń yí. Àwọn kan máa ń lọ sí kẹ́míìsì kí wọ́n po oògùn mẹ́rin mẹ́rin fún wọn nínú ọ̀rá láìmọ orúkọ ìkankan. Parasẹ́tamọ̀ lè wà nínú méjì níbẹ̀. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju mẹ́jọ oníwọ̀n 500 lọ láàárín wákàtí 24, tó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́. Ti ibuprofen, inú àti kíndìnrín ló ń dojú kọ.

Mo jáwọ́. Kò rọrùn. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọ́rí náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìyàwó ọmọ mi síta. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo codeine, tramadol tàbí oògùn oorun, kó má dá a dúró fúnra ẹ̀ láìrí dókítà.

Ìdárayá tí wọ́n kọ́ mi nìyí, kò sì gba owó. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ fi aṣọ tí ẹ ká sábẹ́ orí. Ẹ wá mi orí díẹ̀ bí ẹni ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni” láìlanu, kí àgbọ̀n súnmọ́ ọrùn. Orí kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ fi ìka kan iwájú ọrùn, kó rọ̀. Bó bá le gbagidi, àlejò ló tún ń fọ abọ́ yẹn, ẹ dín agbára kù. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, n kò lè dì í mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, èmi tí mo rò pé ọrùn mi le bí irin. Ìkejì, ẹ jókòó, ẹ fa eegun èjìká méjèèjì sẹ́yìn kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ dì í mú bákan náà. Bó bá dùn gan-an, tàbí òòyì kọ́ yín, ẹ dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kẹ́ ẹ fún un kẹ́ ẹ tó ní kò ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún onígbàjámọ̀ yín kó má fi ọwọ́ yí ọrùn yín ká kó dún kà. Mo mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ àwọn èèyàn. Òpó ẹ̀jẹ̀ méjì gba inú eegun ọrùn lọ sí ọpọlọ. Bí ọ̀kan bá ya nínú, ó lè di rọpárọsẹ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí èèyàn.

Àwọn ẹ̀fọ́rí kan wà tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, wọn kì í sì í dúró de ìdárayá. Èyí tó bá ṣàdédé dé bí ààrá, tó le ju gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti rí rí lọ. Èyí tó bá ibà wá, tí ọrùn ò ṣeé tẹ̀ síwájú rárá, ìyẹn lè jẹ́ yírùnyírùn. Èyí tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan rọ pẹ̀lú ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wọ́ lẹ́nu, tí ojú ń ṣú. Èyí tó tẹ̀ lé ìṣubú tàbí jàǹbá ọkọ̀. Èyí tó ń ṣe aláboyún tí ojú àti ọwọ́ ẹ̀ ń wú. Ilé ìwòsàn ni gbogbo wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ti ju 50 ọdún lọ tí ẹ̀fọ́rí ọ̀tun bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀, kí òun náà tètè lọ fi ara hàn. Bí ibà bá ń ṣe yín, ẹ ṣe àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó lo oògùn ibà. Ẹ sì mọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru yín, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀fọ́rí, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo.

Oṣù keje rèé tí mo ti ń mi orí sí àjà ilé láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń wá dùbúlẹ̀ tì mí, wọ́n á ní “bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni,” títí oorun á fi gbé wọn lọ. Ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yí bíi tòsì. N kò gbé ọpọ́n kúrò nílẹ̀, àmọ́ bí mo bá ti dáfá fẹ́nì kan tán, mo máa ń fi ẹ̀yìn ti ògiri, màá gbójú sókè kí ẹlòmíràn tó wọlé. Fóònù ni mo gbé sókè dé iwájú ojú. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni orí fọ́ mi, mo sì lo parasẹ́tamọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó ọmọ mi ló ń tọ́jú páálí náà báyìí.